Ohun Tí Lébẹ́ẹ̀lì Sọ àti Ohun Tí Ọlọ́jà Sọ: Ìwé Kọ́míìkì Inú Ike ní Ọjà Gbàǹjo

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Houston fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo èyí. Hulk 181 ni, 9.4 ni, owó tó wà lórí rẹ̀ ò sì tíì dé ìdajì iye tí wọ́n ń tà á níbòmíì. Ó ku wákàtí mẹ́ta kí gbàǹjo náà parí. Ṣé kí n fowó lé e?"

Mo fẹ fọ́tò náà lójú. Ìwé kọ́míìkì tí wọ́n ń pè ní Hulk, nọ́ńbà 181, ló wà nínú ike, èèpo rẹ̀ ń dán, nọ́ńbà 9.4, ìyẹn máàkì bó ṣe dára tó nínú 10, sì hàn kedere lókè. Ṣùgbọ́n lébẹ́ẹ̀lì tó wà lórí ike náà kì í ṣe aláwọ̀ aró. Aláwọ̀ ewé ni. Mo ní kó má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan títí n óo fi pè é.

Nígbà tí mo pè é, ó ní òun rí àwọ̀ ewé yẹn, òun rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. N kò bá a wí, torí pé ọlọ́jà yẹn gan-an kò purọ́. Gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ ló jẹ́ òótọ́: Hulk 181 ni lóòótọ́, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò ló dì í sínú ike, 9.4 ni wọ́n sì kọ sí i. Ohun tí kò kọ ni pé ọmọdé kan ti fi àlùmọ́gàjí gé nǹkan kúrò nínú ìwé náà, ó sì ti pẹ́ gan-an. Èrú pọ̀ nínú ọjà yìí, ṣùgbọ́n irọ́ pọ́ńbélé kọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òótọ́ tí wọ́n ti bù jẹ kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà ló pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti bù ú, kò ní mọ̀ pé kò pé.

Bí ìwé sẹ́ǹtì mẹ́wàá ṣe dénú ike

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ tuntun sí, kọ́míìkì ni ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi àwòrán sọ ìtàn inú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà lọ́hùn-ún, àwọn ọmọdé ló ń rà á jù. Wọ́n á kà á tán, wọ́n á ká a sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, wọ́n á fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn, ìyá wọn á sì kó ìyókù dànù lọ́jọ́ tó bá ń tún yàrá ṣe. Torí pé wọ́n dà á nù ni ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù fi di ohun iyebíye. Action Comics nọ́ńbà 1, ìwé tí Superman ti kọ́kọ́ fojú hàn ní ọdún 1938, sẹ́ǹtì 10 ni iye tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Heritage Auctions, ilé gbàǹjo ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ta ẹ̀dà kan tó gba máàkì 8.5 ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Amazing Fantasy nọ́ńbà 15 tó gbé Spider-Man jáde ní ọdún 1962, ẹ̀dà rẹ̀ kan tó gba 9.6 pa mílíọ̀nù 3.6 dọ́là ní ọdún 2021.

Níbi tí owó bá ti dé ìwọ̀n yìí, ẹnu kò lè kò. Ẹni tó ń tà á ní kò sí àbàwọ́n lára rẹ̀, ẹni tó ń rà á ní òun rí ibi tó ti ká ní igun. Ní ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CGC, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Sarasota ní ìpínlẹ̀ Florida, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alárinà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ ó fi ìwé yín ránṣẹ́ sí wọn, ẹ ó san owó iṣẹ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún un ní máàkì láti 0.5 títí dé 10.0, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ pa sínú ike líle tó mọ́ gaara. Lókè ike náà ni lébẹ́ẹ̀lì wà: orúkọ ìwé, ọdún rẹ̀, máàkì, bí bébà inú rẹ̀ ṣe funfun tó, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ nìkan. CBCS dé ní ọdún 2014, ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. PGX náà wà níbẹ̀.

Ìwé 9.8 fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ti 4.0 ti rí ayé, ojú rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ti 0.5 ti fà ya tàbí kí nǹkan kan sọnù lára rẹ̀. Láàárín 9.6 àti 9.8, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè má ju ìlà tín-ín-rín kan tó rí bí irun lórí eegun ẹ̀yìn ìwé, àmọ́ owó rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà bí irun yẹn ni àwọn ẹlẹ́tàn ń jẹun lé.

Àwọ̀ mẹ́rin tó yẹ kí ojú yín mọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò kì í ṣe nọ́ńbà. Àwọ̀ ni. Ní CGC, lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ aró ni ti ìwé tí kò ní àlàyé kankan lẹ́yìn: máàkì tí ẹ rí ni máàkì tó gbà, gbogbo àbàwọ́n rẹ̀ ni wọ́n ti kà mọ́ ọn. Aláwọ̀ ìyeyè ni ti ìwé tí òǹkọ̀wé tàbí ayàwòrán fọwọ́ sí lójú ẹlẹ́rìí tí CGC yàn. Elésè àlùkò ni ti ìwé tí wọ́n ti tún ṣe. Aláwọ̀ ewé sì ni ti ìwé tí máàkì rẹ̀ ní "àmọ́" nínú.

"Àmọ́" yìí ni mo ń sọ. Ní ọdún 1974, ilé iṣẹ́ Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ sítáǹpù kékeré kan sí ojú ewé lẹ́tà àwọn òǹkàwé nínú kọ́míìkì wọn, wọ́n sì rọ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n gé e, kí wọ́n kó o jọ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan. Àwọn ọmọdé gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, wọ́n gé e. Hulk 181 jáde ní ọdún yẹn gan-an, oṣù kọkànlá ni wọ́n tẹ̀ sára èèpo rẹ̀, òun sì ni ìwé tí Wolverine, ọ̀kan nínú àwọn akọni Marvel, ti kọ́kọ́ kópa ní kíkún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé Wolverine á di ẹni ńlá báyìí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Hulk 181 ló wà lóde òní tí èèpo rẹ̀ mọ́ bí àwo, àmọ́ tí ihò onígun mẹ́rin wà nínú ojú ewé kan.

Bí CGC bá fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ aró, ihò yẹn á fa máàkì rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé wá ń sọ pé: bí a bá gbójú kúrò lára sítáǹpù tí wọ́n gé, ìwé yìí ì bá gba 9.4. Ó dà bí ìgbà tí alágbàtà ilé bá sọ fún yín pé ilé náà kò ní àbùkù kankan, òrùlé nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò parọ́, àmọ́ òjò ń bọ̀. Owó ìwé aláwọ̀ ewé kéré gan-an sí ti aláwọ̀ aró tó ní nọ́ńbà kan náà, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Wọ́n máa ń kọ ìdí rẹ̀ sára lébẹ́ẹ̀lì náà ní lẹ́tà wínníwínní, ibẹ̀ ni iná àtùpà ọlọ́jà sì sábà máa ń ràn sí nígbà tó bá ń ya fọ́tò.

Elésè àlùkò tún ṣòro ju ìyẹn lọ, torí pé àtúnṣe lè jẹ́ nǹkan rere. Ìwé tó ti ń já, ẹni tó mọṣẹ́ lè fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í mú, ó lè fi àwọ̀ kun ibi tó ti ṣí, ó lè fọ̀ ọ́, ó lè pààrọ̀ píìnì irin tó ti dípẹtà. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Èèwọ̀ ni kí a tà á bí ẹni pé wọn kò fọwọ́ kàn án rí. Lórí lébẹ́ẹ̀lì elésè àlùkò, ẹ ó rí lẹ́tà A, B tàbí C tó ń sọ bí iṣẹ́ àtúnṣe náà ṣe dára sí, àti nọ́ńbà 1 sí 5 tó ń sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ìwé A-1 àti ìwé C-5 lè ní 9.0 kan náà lókè, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Èyí tó ń bí àwọn olùkówèéjọ nínú jù ni ìwé tí wọ́n gé etí rẹ̀ kó lè dà bí tuntun, torí pé ohun tí wọ́n gé dànù kò ní padà mọ́ láéláé.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pariwo pé lílọ̀ ìwé, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ kí ibi tó ká lè nà, jẹ́ jìbìtì. CGC kò kà á sí àtúnṣe, wọn kì í sì í kọ ọ́ sí lébẹ́ẹ̀lì. Ẹ lè fẹ́ràn rẹ̀, ẹ lè má fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi í pe ọlọ́jà lẹ́jọ́.

Ní àkókò tí a wà yìí, CGC tún ń ṣe lébẹ́ẹ̀lì alàwòrán, tí wọ́n ya akọni inú ìwé náà sí. Ó dára lójú, àmọ́ ó ti jẹ́ kí ọ̀nà àbùjá àwọ̀ yìí má dá yín lójú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i. CBCS náà sì ní ètò àwọ̀ tirẹ̀, ẹ má fi ti ọ̀kan ka ti èkejì.

Ẹni tó ti kú kò lè fọwọ́ síwèé

Stan Lee, òǹkọ̀wé Marvel tó wà lára àwọn tó dá Spider-Man sílẹ̀, kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2018. Bí ẹ bá rí kọ́míìkì tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2020, tí wọ́n ní Stan Lee fọwọ́ sí i, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ. Èyí rọrùn. Èyí tí kò rọrùn ni ìwé tó pẹ́, tí ìfọwọ́síwèé rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ tí kò sí ẹni tó rí i nígbà tó ń kọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìwé báyìí bá dé ọ̀dọ̀ CGC, lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé ni wọ́n sábà máa ń fún un, tí wọ́n á sì kọ ọ́ pé orúkọ wà lára èèpo rẹ̀. Kíkọ tí wọ́n kọ "orúkọ wà níbẹ̀" kò túmọ̀ sí pé wọ́n jẹ́rìí sí i. Wọ́n kàn ń sọ pé yíǹkì wà lára ìwé ni. Ọlọ́jà á wá kọ ọ́ sókè pé: "CGC, Stan Lee fọwọ́ sí i." Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ méjì tó jẹ́ òótọ́ ṣe so pọ̀ di irọ́ kan. CBCS ní ètò kan níbi tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí àwọn tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹ irú ìfọwọ́síwèé bẹ́ẹ̀ wò, lébẹ́ẹ̀lì wọn á sì sọ bẹ́ẹ̀ ní pàtó. Ìwé ẹ̀rí tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ tẹ̀ nílé rẹ̀, bébà ni.

Nígbà tí ike àti ìwé kò bára mu

Títí di bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ohun tí mo máa ń sọ fún ènìyàn ni pé bí lébẹ́ẹ̀lì bá pé, tí ike kò sì ní ẹ̀là, ọkàn wọn lè balẹ̀. Mo ti dín ẹnu mi kù lórí ìyẹn. Ní ìparí ọdún 2023, àwọn olùkówèéjọ kan ṣàkíyèsí nǹkan kan tó yà wọ́n lẹ́nu: nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà, máàkì 9.8 kan náà, ṣùgbọ́n fọ́tò ìgbà tí wọ́n tà á tẹ́lẹ̀ àti fọ́tò ìgbà tí wọ́n tún gbé e wá kì í ṣe ti ìwé kan náà. Àbàwọ́n tó wà lára ọ̀kan kò sí lára èkejì.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. CGC ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe fún ẹni tí ike rẹ̀ bá ti ha tàbí tó bá ti là: wọ́n á kó ìwé rẹ̀ sínú ike tuntun, wọ́n á tẹ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ padà, wọn kò sì ní fún un ní máàkì tuntun, torí wọ́n ti fún un tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́tàn á ra ìwé 9.8, á rọra ṣí ike rẹ̀, á yọ ìwé gidi náà, á ki ìwé irú rẹ̀ kan tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ bọ̀ ọ́, á wá fi ránṣẹ́ pé ike òun ti bàjẹ́. Ike tuntun tó dé ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, lébẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ ojúlówó, nọ́ńbà náà wà lórí ìkànnì CGC. Ìwé inú rẹ̀ nìkan ni kò yẹ níbẹ̀. Ìwé 9.8 gidi sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè fi ránṣẹ́ kó gba máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé kan di méjì! Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, CGC gbé àwọn nọ́ńbà tí ọ̀rọ̀ náà kàn síta, ó lé ní 300.

Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ náà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó fún un ní máàkì, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Orúkọ ìwé, ọdún, máàkì àti irú lébẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú fọ́tò mu. Bí ọlọ́jà bá fi àtàńpàkò bo nọ́ńbà náà, tàbí kí fọ́tò rẹ̀ ṣú níbẹ̀ nìkan, ẹ béèrè òmíràn. Kò sí ìdí rere kan tí ènìyàn fi ń fi nọ́ńbà yìí pa mọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ wá fọ́tò àtijọ́. Fún àwọn ìwé kan, CGC fúnra rẹ̀ máa ń gbé fọ́tò wọn sí ìkànnì. Heritage Auctions náà máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ti tà, fọ́tò ńlá sì máa ń wà níbẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn bí ẹni ń wo ìbejì. Ẹ wo ibi tí píìnì wọ èèpo, ẹ wo bí àwòrán èèpo ṣe yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì lórí eegun ẹ̀yìn, torí ọwọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò dọ́gba lórí ẹ̀dà méjì. Ẹ wo àmì kéékèèké, ẹ wo òòtẹ̀ ọjọ́ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń tẹ̀ sára ìwé láyé àtijọ́. Àwọn wọ̀nyí ni ilà ojú ìwé náà. Wọn kì í kúrò.

Ike náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Etí tó ti funfun bí ẹni fi ọ̀bẹ yún un, àmì gọ́ọ̀mù, igun tó là tí wọ́n lẹ̀ padà, ìwé tó ń yí kiri nínú rẹ̀, gbogbo wọn ń pè yín pé kí ẹ dúró. Àmọ́ bí ẹ bá rí àwọ̀ bí òṣùmàrè tó ń tàn bí epo lórí omi lábẹ́ ike, ẹ má bẹ̀rù, ike méjì ló ń tẹ ara wọn, kò kan ìwé náà.

9.8 ti ta ni?

Kì í ṣe gbogbo 9.8 ló jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Mo máa ń rí ìwé tí kò sí nínú ike rárá, tí ọlọ́jà kọ "9.8" sí lórí, tó sì fi ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé dì mú tì í lẹ́yìn: "Ó ṣetán fún CGC." "Bí ẹ bá fi ránṣẹ́, 9.8 ni." Ẹ bi ara yín léèrè: bí ó bá dá a lójú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó sì gba èrè náà? Àwọn mìíràn máa ń ra ike òfìfo, wọ́n á tẹ lébẹ́ẹ̀lì tó jọ ti ilé iṣẹ́ ńlá. Àwọn ilé iṣẹ́ tó sì wà lóòótọ́ pàápàá kò ní iyì kan náà lọ́jà. Àwọn olùrà kì í san iye tí wọ́n ń san fún 9.8 ti CGC fún ti PGX. Ọlọ́jà tó bá wá lọ fi owó tí wọ́n ta ti CGC ṣe àpèjúwe fún èyí tí kì í ṣe ti CGC, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe.

Ìwé tí kò sí nínú ike tún ní ewu mìíràn tó pamọ́. Ẹnì kan lè ra ìwé elésè àlùkò ní owó pọ́ọ́kú, kó fọ́ ike rẹ̀, kó sọ lébẹ́ẹ̀lì nù, kó wá gbé ìwé náà lásán wá sọ́jà bí ẹni pé inú àjà ilé bàbá rẹ̀ ló ti rí i. Bí ìwé olówó ńlá kan bá wà ní ìhòòhò, tó sì mọ́ kọjá ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ bẹ ọlọ́jà kó ya fọ́tò inú èèpo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi bírò dúdú kun eegun ẹ̀yìn, yíǹkì náà sábà máa ń là kọjá sí inú. Etí tó gún régé lára ìwé ọgọ́ta ọdún, tí ìwé náà sì kúrú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọdún náà, àlùmọ́gàjí ló kọjá níbẹ̀.

Ìwé kan náà tí kì í ṣe ìwé náà

Marvel àti DC, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì ńlá méjì ní Amẹ́ríkà, máa ń tún àwọn ìwé gbajúmọ̀ wọn tẹ̀ bí wọ́n ṣe wà gan-an, ìpolówó ọjà àtijọ́ inú rẹ̀ pàápàá kò yẹ̀. Hulk 181 wà lára wọn. Ẹnikẹ́ni lè ra àtúntẹ̀ yìí, kó fi ránṣẹ́, kó sì gba 9.8 fún un láìsí wàhálà, torí tuntun ni. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á sọ pé àtúntẹ̀ ni, á sì kọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́jà á wá kọ "Hulk 181, CGC 9.8" sókè ìpolówó rẹ̀, á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ máa ka ọdún tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì nígbà gbogbo. Fún ìwé tí kò sí nínú ike, ọ̀rọ̀ wínníwínní ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ tàbí ti inú èèpo ló máa ń jẹ́wọ́ ọdún náà.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú irú rẹ̀ ni ti Action Comics nọ́ńbà 1. Ní ọdún 1974, DC tún un tẹ̀, ó sì fi èèpo ńlá kan bò ó tó sọ pé àtúntẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fa èèpo òde yẹn ya dànù, ohun tó kù á jọ ti ọdún 1938 láti orí dé ìdí. Àmọ́ àtúntẹ̀ náà tóbi: gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 13 àbọ̀, nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bí ínṣì 10 àbọ̀ lọ. Rúlà ọmọ iléèwé tó láti yanjú ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, nínú fọ́tò, ta ló ń mọ gíga? Ẹ ní kó gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó yà á.

"Mẹ́ta péré ló wà láyé"

CGC máa ń ṣe àkójọ iye ẹ̀dà tí wọ́n ti fún ní máàkì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn ló sì lè wò ó. Ohun tó dára ni, àmọ́ àwọn ọlọ́jà ti sọ ọ́ di agogo ìpolówó. "Mẹ́ta péré ló gba 9.8!" Bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ènìyàn mẹ́ta péré ló rò pé ìwé náà tó ohun tí à ń san owó ìdánwò lé lórí. Àkójọ yìí ń ka ohun tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò ka ohun tó wà nínú páálí kiri Amẹ́ríkà. Bí ìwé náà bá sì gbówó lórí lọ́la, páálí á ṣí, mẹ́ta á di ọgọ́rùn-ún. Bákan náà ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ lánàá: ṣọ́ọ̀bù ni ó ti lọ tààrà sínú ike, 9.8 kì í ṣe ohun ìyanu lára rẹ̀.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ní ilé gbàǹjo ńlá, iye tí ẹ fi lé e kọ́ ni iye tí ẹ ó san. Wọ́n á fi owó olùrà kún un, ó sì lè tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ti ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́wọ́ sókè. Lórí eBay, ìlànà ààbò wọn fún olùrà fún yín ní 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà bá dé láti ké sí wọn bí ohun tó dé kò bá bá àpèjúwe mu. Ẹni tó bá ní kí ẹ jáde kúrò lórí ìkànnì, kí ẹ fi PayPal san án bí ẹni fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, ó fẹ́ kí ẹ bọ́ aṣọ ààbò yín sílẹ̀ ni, torí irú owó bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ ètò ìdáàbòbò olùrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra nǹkan láti Èkó tàbí Ìbàdàn, tí ẹ ń fi àdírẹ́sì ará ilé ní Amẹ́ríkà gba ọjà, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọjà dé ilé wọn lọ́hùn-ún. Kì í ṣe ọjọ́ tí àpótí ọkọ̀ ojú omi dé Apápá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á níbẹ̀ tú u lójú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà gan-an, kó ya lébẹ́ẹ̀lì, igun ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀yìn rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín. Kó má sì ṣí ike náà o, torí lọ́jọ́ tí ike bá ti ṣí ni máàkì rẹ̀ ti pa rẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kí àbúrò mi kọ ìbéèrè méjì péré sí ọlọ́jà: ṣé sítáǹpù wà nínú ìwé yìí, kí ló sì dé tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fi jẹ́ aláwọ̀ ewé? Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí èsì fi dé: "Ẹ wo fọ́tò dáadáa." A wò ó dáadáa, a sì fi í sílẹ̀. Ẹlòmíràn rà á, owó tó sì san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti aláwọ̀ aró. Lẹ́yìn oṣù bíi márùn-ún ni àbúrò mi rí tirẹ̀ rà, 3.5, lébẹ́ẹ̀lì aró. Èèpo rẹ̀ ti ká, igun kan ti rọ́, ẹnì kan sì ti fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí òkè ojú ewé àkọ́kọ́. Sítáǹpù rẹ̀ wà níbẹ̀.